Wọ́n fẹ́ gbà mí sí iṣẹ́ RA ní láàbù stem cell tó ń ṣe ìwádìí Parkinson: kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé?

ỌmọÌjẹ̀bú_Glasgow

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí MSc nínú ìmọ̀ ọpọlọ ní Scotland níbí ni, láàbù kan sì ti kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ gbà mí gẹ́gẹ́ bí research assistant (RA), olùrànlọ́wọ́ ìwádìí, fún ọdún méjì. Iṣẹ́ wọn dá lórí Parkinson àti àwọn àìsàn mìíràn tó máa ń jẹ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tán díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ ara lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á sọ ọ́ di iPSC, ìyẹn stem cell tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ara, wọ́n á sì wá fi iPSC yẹn ṣe sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú plate, abọ́ pẹrẹsẹ tí a fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì.

Biochemistry ni mo kà nílé. Àyàfi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo fi ṣe project, mi ò tọ́jú sẹ́ẹ̀lì alààyè rí. Àwọn òbí mi fẹ́ kí n wá iṣẹ́ sí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, wọ́n ní ìyẹn ló dájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, báwo ló ṣe rí lójoojúmọ́? Ṣé ó lè gbé èèyàn dé PhD? Kí ni kí n bi ọ̀gá láàbù náà?

Àbẹ̀kẹ́_Láàbù

Àbúrò, o kú oríire. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun ní ìlú ọba níbí, màá sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí.

Sẹ́ẹ̀lì kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Inú incubator tó wà ní 37°C, tí wọ́n fi 5% CO2 sí, ni iPSC ń gbé. Tọ̀sán-tòru ló ń pọ̀ sí i, ó ń jẹ ohun tó wà nínú media, omi oúnjẹ rẹ̀, tán, ìdọ̀tí tó ń yà jáde sì ń mú kí media náà kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn media kan wà báyìí tó ń jẹ́ kéèyàn fo ọjọ́ kan ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́ẹ̀lì padà sí ti ọpọlọ, ọjọ́ tí ìlànà dá ni ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ fi oògùn sí i, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Kérésì. Torí náà, bi ọ̀gá náà láìfi bọpo bọyọ̀: ta ló ń wá ní Sátidé àti Sọ́ńdè? Ṣé gbogbo ará láàbù ló jọ ń pín in, àbí RA nìkan ni wọ́n ń dì í rù? Tó o bá wá ní Sátidé, ṣé wọ́n á fún ọ ní ọjọ́ mìíràn dípò rẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ni iṣẹ́ yìí. iPSC tó wà ní àlàáfíà máa ń ṣùpọ̀ mọ́ra, á tẹ́jú, etí ìdìpọ̀ rẹ̀ á dán. Tó o bá rí ibi tí wọ́n ti ń fẹjú, tí wọ́n ń na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí àárín ìdìpọ̀ sì ń ṣókùnkùn, wọ́n ti ń yà kúrò lọ́nà nìyẹn. Wàá jókòó sídìí máíkírósíkópù, wàá ha àwọn yẹn dànù kí wọ́n tó ba ìyókù jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè fún ọ ní ojú yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wàá jókòó tì, títí tí ìwọ náà á fi máa rí i kí ó tó sọ̀rọ̀. Èyí mú mi dé ìbéèrè kejì tí wàá bi wọ́n: ta ló máa kọ́ mi? Kì í ṣe "ìlànà wà lórí kọ̀ǹpútà". Èèyàn ni mo ń wí, ẹni tó ṣì wà níbẹ̀, tó sì ní àyè.

Àwọn nǹkan kan wà tí wàá tètè mọ̀. Matrigel tí wọ́n fi ń tẹ́ ìdí plate kò dà bí ẹ̀kọ: ẹ̀kọ ń dì tó bá tutù, Matrigel ń dì tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Orí yìnyín lo ti máa lò ó, pẹ̀lú tip (ẹnu pipette tí a fi ń fa omi) tó ti wà nínú fíríìsà. iPSC kò fẹ́ dá wà. Tó o bá tú u sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti pín in, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kú àyàfi tó o bá fi Y-27632, oògùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n kú bẹ́ẹ̀, sínú media, kó sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní tirẹ̀ kì í di ìdí plate mú dáadáa tó bá dàgbà. Ìlàjì media nìkan ni wàá fà jáde, ní ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́. Tó o bá da omi lù ú, gbogbo rẹ̀ á ká kúrò bí ó ti wà, iṣẹ́ oṣù méjì a bá a lọ.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni mycoplasma. Bakitéríà tí kò ní ògiri ni, torí náà pẹnisílínì kò lè rí i ṣe. Kì í jẹ́ kí media dúdú tàbí kó rú, o ò sì ní rí i lábẹ́ máíkírósíkópù tí a ń lò lójoojúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì á kàn máa ṣe ségesège, èsì rẹ̀ á sì máa tàn ọ́ jẹ. Láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe á máa yẹ gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò déédéé, kò sì ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó ti ìta wá bá àwọn tó wà nílé gbé kó tó mọ bó ṣe rí. Béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ́ wò kẹ́yìn. Tí wọn ò bá lè dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, rò ó dáadáa.

ẸniTóYàLọ

Mo bọ̀wọ̀ fún Àǹtí tó sọ̀rọ̀ tán yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ apá kejì. Mo ṣe RA rí. Owó ìwádìí tán, wọn ò rí òmíràn gbà, àdéhùn iṣẹ́ mi sì parí. Físà mi so mọ́ iṣẹ́ náà. Tí ẹni tó gbà ọ́ bá ti ròyìn fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, pé iṣẹ́ ti tán, wọ́n lè gé físà rẹ kù sí ọjọ́ 60. Ọjọ́ 60 kò tó láti wá iṣẹ́ ìwádìí mìíràn. Ìyàwó mi lóyún nígbà náà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn rí irú rẹ̀.

Mo wá iṣẹ́ sí láàbù ilé ìwòsàn. Àwọn òbí rẹ kò purọ́, ọkàn mi balẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kó o mọ̀ pé ibẹ̀ náà ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀: wàá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kí wọ́n tó lè pè ọ́ ní biomedical scientist, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n sì máa ń ní kí ẹni tó kàwé nílé wá kún àwọn kọ́ọ̀sì kan.

Àbẹ̀kẹ́_Láàbù

@ẸniTóYàLọ, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ẹ kú ìfaradà. Àbúrò, fi èyí kún ìbéèrè rẹ: owó ìwádìí wo ló ń san owó oṣù mi, ọjọ́ wo ló sì máa tán? Kì í ṣe ìwọ̀sí láti béèrè. Ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ní yunifásítì ni kó o bá sọ ọ̀rọ̀ físà, kó wà nínú ìwé. Ọ̀gá láàbù lè ní ọkàn rere kó má mọ nǹkan kan nípa òfin físà.

ỌmọẸgbẹ́Àdúrà

Ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ọlẹ̀ inú ni wọ́n ń lò fún stem cell yìí? Wọ́n sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó lòdì sí ìfẹ́ Ọlọ́run. Mo ní ìfẹ́ sí irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn mi ń dà mí láàmú.

Ọmọwé_Boston

Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì sí ìbínú níbẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Ní ọdún 1998, James Thomson ní Wisconsin mú sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú ọlẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìtọ́jú IVF (oyún tí a ṣe ní láàbù), tí àwọn tó ni ín yọ̀ǹda fún ìwádìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìgbà náà, bíi H9, ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ láàbù dòní. Ní ọdún 2006, Shinya Yamanaka àti Kazutoshi Takahashi ní Kyoto fi jíìnì mẹ́rin, Oct3/4, Sox2, Klf4 àti c-Myc, sínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara eku, ó sì padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀ tó ti lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú ti ènìyàn. Yamanaka gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012, òun àti John Gurdon. iPSC nìyẹn, kò sí ọlẹ̀ nínú rẹ̀. Awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó fọwọ́ sí ìwé ni.

Torí náà, bí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá gba ọ̀kan tí kò gba èkejì, béèrè kó o tó dé ibẹ̀. Mo mọ àwọn tó sọ fún ọ̀gá wọn pé àwọn ò ní fọwọ́ kan H9, wọ́n sì gbọ́ wọn yé.

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í sábà sí nínú ìwé ìkéde iṣẹ́. Nígbà tí a bá sọ awọ ara ẹni ọgọ́rin ọdún di iPSC, ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì náà ń padà sẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde jọ ti ọmọ tí a kò tíì bí. Bẹ́ẹ̀ ni Parkinson àti iyè rírà jẹ́ àìsàn àgbà. Ìṣòro ńlá ni èyí nínú iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé plate òun ni ọpọlọ aláìsàn gan-an, àsọdùn ló ń sọ. Síbẹ̀, ohun tí a lè rí níbẹ̀ pọ̀: bí alpha-synuclein, purotéènì kan, ṣe ń kó jọ, bí lysosome, akódọ̀tí sẹ́ẹ̀lì, ṣe ń kùnà láti kó ìdọ̀tí, bí mitochondria tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rẹ̀ ṣáájú kí sẹ́ẹ̀lì tó kú. Lára ẹni tó wà láàyè, a kò lè gé ọpọlọ wò. Tó bá fi máa kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine (èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn), tí à ń wá, èyí tó pọ̀ jù ti lọ.

Ní ti PhD: ó lè gbé ọ débẹ̀, tó o bá mọ ìdí tí o fi ń ṣe ohun tí o ń ṣe. RA tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì fún ẹlòmíràn lọ́dún méjì láìní ìbéèrè kan tó jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dáńtọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí nǹkan sọ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Béèrè pé kí wọ́n fún ọ ní apá kékeré kan nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Béèrè pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ RA sórí àpilẹ̀kọ. Tí wọ́n bá ní "a ó rí i nígbà tó bá yá", ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí RA tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Bó bá ṣeé ṣe, bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀.

Ohun kan tí n kò ní yéé tẹnu mọ́: well (ihò kékeré) mẹ́ta nínú plate kan kì í ṣe ìdánwò mẹ́ta. Tó o bá yí sẹ́ẹ̀lì padà lẹ́ẹ̀kan, tó o kà á ní ibi mẹ́ta, ìdánwò kan ṣoṣo lo ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti orí iPSC lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Tó bá sì dọ̀ràn kíkà, jẹ́ kí ẹlòmíràn bo orúkọ plate kó o tó kà, kí o má mọ èyí tó jẹ́ ti aláìsàn. Ojú ènìyàn máa ń rí ohun tó ń retí.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mi ò mọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní Parkinson. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ gbé mọ́ láàárọ̀ kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ilé ìwòsàn kan lókè òkun ń gún abẹ́rẹ́ stem cell tó ń wò ó sàn, owó rẹ̀ sì ga gan-an. Àwọn ọmọ ń rò ó pé kí àwọn ta ilẹ̀. Ṣé kí a lọ?

Ọmọwé_Boston

Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ilẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe é bó ti yẹ wà. Ní Kyoto, ọdún 2018 ni Jun Takahashi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, tí wọ́n ṣe láti inú iPSC, sínú ọpọlọ aláìsàn Parkinson. Èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ènìyàn méje péré ni. Wọn ò rí kókó jẹjẹrẹ lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, nínú mẹ́fà tí wọ́n sì yẹ ìrìn àti gbígbọ̀n ọwọ́ wọn wò nígbà tí oògùn kò sí lára, mẹ́rin sàn jù ti tẹ́lẹ̀. Ìdánwò mìíràn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde lákòókò kan náà, gba ènìyàn 12. Ìdí nìyí tí inú wa fi ń dùn sí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye ènìyàn náà ṣe kéré tó. Iṣẹ́ abẹ ni pẹ̀lú, wọ́n ń lu orí kí sẹ́ẹ̀lì náà tó dé ibi tó yẹ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí apá.

Ìdánwò tó tọ́ kì í ní kí aláìsàn ta ilẹ̀ kó tó wọlé. Ilé ìwòsàn tó bá ní abẹ́rẹ́ kan náà wo Parkinson, ó wo orúnkún, ó wo ojú, ẹ jìnnà sí i. Ẹ bá dókítà ọpọlọ tó ń rí Bàbá sọ̀rọ̀ nípa àkókò tí wọ́n ń lo oògùn wọn, nítorí levodopa, oògùn Parkinson tí wọ́n sábà ń lò, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i tí wọ́n bá lò ó kí wọ́n tó jẹun, pàápàá oúnjẹ tó ní ẹran àti ẹ̀wà púpọ̀. Ẹ béèrè nípa eré ìdárayá náà pẹ̀lú. Ìyẹn lè mú òwúrọ̀ wọn rọrùn.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti kà á fún wọn. Ilẹ̀ kò ní lọ.

ỌmọÌdíkàn

Ìbàdàn ni mo wà, ìmọ̀ jíìnì ni mò ń kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó ń dùn mí: sẹ́ẹ̀lì ta ló wà nínú fíríìsà yín?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Ní àdúgbò Ìdíkàn níbí ni ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis (ìlú kan ní Amẹ́ríkà) ti wáyé, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti Hugh Hendrie jọ ṣe. Nínú èsì tó jáde ní ọdún 2001, iye àwọn àgbà tí àìsàn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún jẹ́ 1.15% láàrin àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52% láàrin àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Jíìnì APOE ε4, tí wọ́n mọ̀ mọ́ ewu Alzheimer, pọ̀ lára wa, ṣùgbọ́n kò fà á lára wa bó ṣe ń fà á lára àwọn òyìnbó. Ní ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ní Èkó àti àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè mìíràn rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ GBA1, ìyàtọ̀ náà sì ń mú kí ewu Parkinson pọ̀ sí i. Lára àwọn tó jẹ́ ìran Áfíríkà ló wà, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi lára òyìnbó.

Bí láàbù kan bá ní ogún iPSC tí gbogbo rẹ̀ ti ara òyìnbó wá, báwo ni yóò ṣe rí GBA1 yẹn? Oògùn tí wọ́n bá fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wá, ta ni wọ́n wá a fún?

Àbẹ̀kẹ́_Láàbù

@ỌmọÌdíkàn, o fọwọ́ kan ojú egbò. Ní tiwa, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa ń lọ lórí iPSC kan tó ń jẹ́ KOLF2.1J, nítorí òun ni àjọ ńlá kan ní Amẹ́ríkà yàn kí gbogbo láàbù lè máa fi èsì wéra. Sẹ́ẹ̀lì tó dára ni, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ló ni ín. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé láàbù. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ní kí n mú àbá wá, mo ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ọmọwé_Boston

Kí a má gbàgbé pé sẹ́ẹ̀lì Yorùbá wà níta o. Àwọn ará Ìbàdàn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó wo ìyàtọ̀ jíìnì ènìyàn, tí gbogbo ayé ń pè ní YRI, sẹ́ẹ̀lì wọn wà ní ilé ìpamọ́ Coriell ní Amẹ́ríkà. Láàbù Yoav Gilad ní Chicago sì sọ ti ènìyàn 58 nínú wọn di iPSC. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ kan wà: wọn ò kọ ìtàn ìlera àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn sílẹ̀. A lè lò wọ́n láti fi ṣe àfiwé, tàbí kí a fi CRISPR, ọ̀nà tí a fi ń tún jíìnì kọ, gbé ìyàtọ̀ GBA1 yẹn wò nínú wọn. A kò lè sọ pé aláìsàn ni wọ́n. Ti aláìsàn, ilé ni yóò ti wá, ó sì yẹ kí àwọn tó wà nílé wà nídìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, kì í ṣe bí ẹni tó kàn ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́.

ỌmọÌdíkàn

Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù sí mi. Àwọn bàbá wa ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó kù kí wọ́n kọ́ wa ní iṣẹ́ náà.

ỌmọÌjẹ̀bú_Glasgow

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo kó ìbéèrè yín jọ, mo sì bá ọ̀gá láàbù náà sọ̀rọ̀ lórí Zoom lánàá.

Òpin ọ̀sẹ̀: gbogbo wọn ló ń pín in, òun náà wà nínú rẹ̀, èèyàn sì máa ń gba ọjọ́ mìíràn dípò. Mycoplasma: ó gbé ìwé èsì ti oṣù tó kọjá sójú kọ̀ǹpútà fún mi. Ẹni tó máa kọ́ mi ni obìnrin kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, mo sì bá a sọ̀rọ̀. RA tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ń ṣe PhD báyìí, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí àpilẹ̀kọ kan. Owó ìwádìí náà gùn ju ọdún méjì tí wọ́n fẹ́ gbà mí fún lọ. Ọ̀rọ̀ físà nìkan ni kò ye é dáadáa, ó ní kí n kọ̀wé sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, mo sì ti kọ ọ́.

Nígbà tí mo béèrè pé sẹ́ẹ̀lì ta ló wà nínú fíríìsà wọn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní gbogbo rẹ̀ ti Yúróòpù wá ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ GBA1 fún un. Ó ti ka àpilẹ̀kọ náà. Ó ní tí mo bá wá, kí èyí jẹ́ apá tèmi nínú iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ gbà á. Mo ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa bá a lọ, kí n ṣáà rí i pé ọ̀rọ̀ físà wà nínú ìwé.

ẸniTóYàLọ

Bàbá rẹ gbọ́n. Má fọwọ́ sí i kí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ tó dáhùn. Bí ìdáhùn yẹn bá dára, lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Láàbù

Inú mi dùn o. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, wá ẹ̀ka ìlera òṣìṣẹ́ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, torí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wàá máa fọwọ́ kàn. Má dá wọ yàrá nitrogen olómi, tí ìlẹ̀kùn bá tì, kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ oxygen tí à ń mí fi ń dín kù níbẹ̀. Ní kí wọ́n fún ọ ní pipette tó ń fi iná ṣiṣẹ́, kí àtàǹpàkò rẹ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́. Kí o sì yẹ krómósómù wò kí o tó fi ọwọ́ kan GBA1, pàápàá apá kan lórí krómósómù 20 tí wọ́n ń pè ní 20q11.21. iPSC tó bá ti ní ẹ̀dà rẹ̀ lé máa ń yára pọ̀ ju àwọn ìyókù lọ, tí o kò bá tètè mọ̀, òun nìkan ló máa kù nínú plate. Tó o bá dé ibẹ̀, fi ìlànà ìyípadà tí wọ́n ń lò ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wò ó.